Igbe Tó Pẹ́ Kó Tó Yé Mi

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin akọrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé yín sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ orin, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó o. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwo orin kan tí mi ò lè fi ṣeré, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á ti máa retí orin ìyìn, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin wa. Èyí tí mo mú wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà láti ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Onígbàgbọ́ ni wọ́n pe ara wọn nígbà náà, igbe ló sì pọ̀ jù nínú orin wọn. Underoath lorúkọ ẹgbẹ́ náà, Define the Great Line lorúkọ àwo náà. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2006 ló jáde.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nílùú Tampa, ìlú àwọn olórin náà gan-an. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Mi ò tíì ní mọ́tò. Ọmọkùnrin òyìnbó kan tá a jọ ń kó páálí ló máa ń gbé mi délé tá a bá ṣíwọ́ láago márùn-ún ìdájí. Mọ́tò àtijọ́ ni, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi kì í wálẹ̀. Bó bá ti ṣáná sí i báyìí, sídì yẹn ló kàn. Ilẹ̀kùn tí mo fara tì á máa gbọ̀n mọ́ mi léjìká títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà mi. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló máa fi ń lu sítíárìn. Èmi á máa wo ojú títì, màá máa ka iye iná tó kù ká tó dé ilé.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé irú orin wo lèyí. Ó ní orin Onígbàgbọ́ ni. Mi ò gbà á gbọ́. Mo rò pé ó ń fi ìyẹn tù mí lójú ni, torí ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìdí tí etí mi fi kọ̀ ọ́, torí kì í ṣe orí kunkun lásán. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Dó-rè-mí ni wọ́n fi kọ́ wa, ọ̀gá akọrin wa kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni kọ "ọkọ" kó dún bí "ọkọ̀". Èdè wa ló fa èyí. Ohùn ló ń gbé ìtumọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Bí ohùn bá ti ṣì, ọ̀rọ̀ ti ṣì nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà olórin fi ń ráhùn lórí àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láyé àwọn òyìnbó ajíhìnrere, níbi tí orin òyìnbó ti ń wọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá gba ibi tí kò yẹ. Igbe wá burú ju ìyẹn lọ. Igbe kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń bú ramúramù ti nu ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀ pátápátá. Etí tó bá ń wá ibi tí ohùn gbé gòkè àti ibi tó gbé sọ̀ kò ní rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Èmi kò rí nǹkan kan dì mú. Ariwo ni mo pè é, mo sì gbàgbọ́ pé mo tọ̀nà.

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2008, ọmọkùnrin yẹn ra ẹ̀dà kan fún mi, ó ní kí n máa fi rántí òun. Ẹ̀bùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù nù. Mo tì í bọ inú dúrọ́ọ̀, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún mẹ́ta.

Nípa irú orin tó jẹ́, mi ò ní fi ìyẹn dá wa dúró pẹ́. Post-hardcore ni wọ́n ń pè é. Inú orin hardcore ló ti jáde, orin kíkankíkan, kúkurú, tí àwọn ọ̀dọ́ Washington àtàwọn ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà ń ṣe láyé 1980 síwájú. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kò paná orin náà, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó gùn sí i, wọ́n jẹ́ kó dákẹ́ níbì kan kó tó tún padà dé bí òjò. Àwọn ọmọ Onígbàgbọ́ náà gbà á. Ilé iṣẹ́ Tooth & Nail ní Seattle, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ló gbé ọ̀pọ̀ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Zao wà níbẹ̀, Norma Jean wà, mewithoutYou láti Philadelphia wà. Blindside jáde láti Sweden. Títí di 2012, oko kan lẹ́bàá Bushnell ní ìpínlẹ̀ Illinois ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń pàdé lọ́dọọdún níbi àjọ̀dún orin Cornerstone. Àwọn òbí àtàwọn pásítọ̀ kan kò fara mọ́ ọn rárá, ọ̀rọ̀ wọn sì yé mi, torí bó ṣe rí lára èmi náà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ Underoath bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ní Ocala, ìlú mìíràn ní Florida, kó tó di pé Tampa ni ilé wọn. Ní 2004, wọ́n ṣe àwo kan tó ń jẹ́ They're Only Chasing Safety, èyí tí Spencer Chamberlain kọ́kọ́ bá wọn kọ. Àwo yẹn rọrùn láti fẹ́ràn. Ègbè rẹ̀ dùn, ó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu, ó sì tà. Ohun tí oníṣòwò á ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kó tún ṣe irú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú Adam Dutkiewicz àti Matt Goldman láti bá wọn darí iṣẹ́, wọ́n ṣe àwo tó wúwo ju èyí tó ṣáájú lọ, tó gùn jù ú lọ, tí ègbè adùn-ún-kọ kò sì tó nǹkan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ipò kejì ló wọ̀ lórí Billboard 200, àtẹ àwọn àwo orin tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 98,000 ẹ̀dà ló sì tà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Títí dòní ni èyí ń yà mí lẹ́nu, pé ọkẹ́ àìmọye ọ̀dọ́ fi owó ara wọn ra igbe.

Ó di 2011. Ìyàwó mi bímọ, màmá mi wá láti Ìsẹ́yìn wá bá wa tọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ kan, mò ń tú dúrọ́ọ̀ láti wá ìwé kan, ni mo bá rí sídì yẹn. Mo kì í bọ ẹ̀rọ kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Màmá jókòó nínú pálọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Bí orin náà ṣe bú jáde, ọwọ́ wọn dúró. Mo sáré fẹ́ pa á, mo rò pé yóò bí wọn nínú. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀ ná." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Àkànní, ta ló ń na ọmọ yẹn?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, wọn ò nà án. Orin ni wọ́n ń kọ."

Wọ́n tún tẹ́tí sí i. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní, "Ẹkún ni. Kí ni wọ́n fi ṣe é?" Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ohùn kejì ti wọlé, ohùn tútù, ohùn tó ń kọrin ní tòótọ́. Wọ́n wá mi orí wọn. "Ẹ̀ẹ́n, o ò rí i? Ẹnì kan ti ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Wọ́n padà sórí ẹ̀wà wọn. Èmi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí ẹ̀rọ. Fún odindi ọdún kan, láràárọ̀, ni mo fi jókòó sínú mọ́tò yẹn, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo mọ dó-rè-mí, n kò sì gbọ́ ohun tí ìyá mi gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ìyá mi ti sun ẹkún ìyàwó rí, kí wọ́n tó mú un relé ọkọ. Ó mọ̀ pé ẹkún ní iṣẹ́ ọnà tirẹ̀. Ó mọ̀ pé èèyàn lè dúró níwájú àwùjọ kó sọkún tọkàntọkàn, kó tún mọ ibi tí yóò ti mí àti ibi tí yóò ti dákẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi ń wá orin níbi tí ẹkún wà. Torí náà ni mo ṣe pàdánù méjèèjì.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Mi ò tètè fẹ́ràn rẹ̀ o, kí n má purọ́. Orin kan ni mò ń mú lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀. Chamberlain ló ń ké. Aaron Gillespie ló ń fi ohùn tútù dá a lóhùn, òun kan náà ló sì ń lu ìlù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lu ìlù òyìnbó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa sáré, kí ọwọ́ máa fọ́n ká, kí ẹnu sì máa kọ orin tí kò gbọdọ̀ mì. Lẹ́yìn tí mo ti mọ èyí, mi ò gbọ́ ìlù yẹn bí ìjà mọ́. Ẹni tó ń lù ú náà ni ẹni tó ń pẹ̀tù.

Igbe yẹn náà, mo lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí mo rò pé ọ̀fun ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ á ti ya. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi okùn ohùn gan-an nìkan ké. Awọ mìíràn wà lókè okùn ohùn nínú ọ̀fun wa, èyí tí a kì í lò nígbà tí a bá ń kọrin. Òun ni wọ́n máa ń mú gbọ̀n. Inú ikùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá, bí ọ̀gá akọrin wa ṣe máa ń sọ fún wa gẹ́lẹ́, wọ́n sì ní láti mú èémí náà lọ́ra kó má bàa tán lójijì. Iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá ṣe é láìkọ́ ọ, ohùn á lọ.

Nígbà náà ni mo wá ṣí ìwé kékeré tó wà nínú páálí sídì náà, mo ka ọ̀rọ̀ orin. Mo ti rò pé ayé ni ẹni tó ń ké yẹn ń bá jà, tàbí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Rárá. Ara rẹ̀ ló ń bá wí. Orúkọ orin àkọ́kọ́ gan-an, In Regards to Myself, nípa ara mi ló túmọ̀ sí, ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni igbe pé kí èèyàn jí. Ẹni tó bá ti ka ìwé Éfésù rí á mọ ohùn yẹn: "Jí, ìwọ ẹni tí ń sùn." Ṣùgbọ́n pásítọ̀ kọ́ ló ń jí ìjọ níbí. Ọkùnrin kan ló ń gbá ara rẹ̀ létí kó má bàa sùn lọ. Orin kẹfà ń jẹ́ Returning Empty Handed, pípadà bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Orin kẹsàn-án ń jẹ́ Writing on the Walls, kò sì sí bí ẹni tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣe lè gbọ́ orúkọ yẹn kó má rántí Bẹliṣásárì àti ọwọ́ tó ń kọ̀wé sára ògiri.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sínú ìwé Orin Dáfídì. A máa ń ka Sáàmù bí ẹni pé ohùn jẹ́jẹ́ ni gbogbo rẹ̀. "Láti inú ibú wá ni èmi ń ké pè ọ́, Olúwa." Ké ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nínú Sáàmù 69, onísáàmù ní igbe òun ti dá òun lágara, ọ̀fun òun ti gbẹ. Irú ohùn wo lẹ rò pé ó kù lọ́fun ẹni tó ti ké títí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ? Ṣé yóò dún bí tẹ́nọ̀ wa ní Àìkú Àjíǹde?

Ẹ bá mi dúró lórí orin keje, nítorí òun ló gbà mí lọ́kàn pátápátá. Casting Such a Thin Shadow lorúkọ rẹ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ tí ẹnikẹ́ni kò ní la ẹnu. Lóru ọjọ́ kan, nǹkan bí aago méjì, ọmọ wa kọ̀ láti sùn. Mo gbé e kọ́ èjìká, mo ń rìn yí pálọ̀ ká nínú òkùnkùn, mo yí ohùn ẹ̀rọ wálẹ̀. Gìtá ló kọ́kọ́ ń bọ̀, bí omi tó ń kán sínú agbada, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn. Tim McTague àti James Smith ni wọ́n ń ta gìtá náà. Lẹ́yìn náà ni ìlù dé, kò kánjú, ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e láìmọ̀. Èémí ọmọ náà ń gbóná sí mi lọ́rùn. Orin ń ga sí i, mo sì mọ̀ pé igbe ń bọ̀, mo ń bẹ̀rù pé yóò jí ọmọ náà. Ó ti sùn kí ohùn tó wọlé. Nígbà tí igbe náà wá dé, kò dà bí ẹni tó já ilẹ̀kùn wọlé mọ́. Gbogbo ìṣẹ́jú tó ṣáájú ló ti ń gbé e bọ̀. Kò sí ohun mìíràn tó lè jáde lẹ́nu níbẹ̀. Mi ò pa á. Ọmọ náà kò jí.

Èyí tó ṣáájú rẹ̀ níwọ̀nba díẹ̀, orin karùn-ún, kúrú. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti èdè Iceland, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn Sáàmù. Ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ ní èdè Rọ́ṣíà nínú rẹ̀, ohùn èlò tí Chris Dudley máa ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣe ń rọ́ yí i ká. Àwọn ọmọ Florida tí wọ́n ń kọrin fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n fi èdè tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ wọn kò gbọ́ sáàárín àwo wọn. Wọ́n fi gbogbo wọn sípò tí ìyá mi wà nínú pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Kì í ṣe pé àwo náà kò ní àléébù. Lójú tèmi, orin kẹjọ àti ìkẹwàá ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí ohun èlò pọ̀ débi pé ohùn Gillespie ń rì. Mo ti gbìyànjú fún ọdún púpọ̀, mi ò tíì fẹ́ràn Everyone Looks So Good from Here. Ó lè ṣì ń bọ̀.

Ibì kan wà tí mi ò fẹ́ fo, torí àwọn kan níbí ti bi mí kí n tó gorí pèpéle. Nígbà tí àwo yìí jáde, ilé kò tòrò fún àwọn ọmọ náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2006 yẹn gan-an ni wọ́n kúrò lórí Warped Tour, ìrìn àjò tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin jọ ń ṣe láti ìlú dé ìlú, kó tó parí, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ tún àjọṣe ọ̀rẹ́ tó wà láàárín àwọn ṣe. Chamberlain fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé oògùn olóró ń bá òun fínra láwọn ọdún wọ̀nyẹn. Gillespie kúrò ní 2010. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní 2013, wọ́n tún kó ara wọn jọ ní 2015. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé àwo Erase Me jáde ní 2018, wọn kò pe ara wọn ní ẹgbẹ́ Onígbàgbọ́ mọ́. Chamberlain ti kúrò nínú ìgbàgbọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, sọ fún mi pé kí n kó sídì náà dànù. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀, ó dùn mí. Mo tún gbé e sẹ́rọ, mo ń wá irọ́ náà. Mi ò rí i. Ohun tí mo rí ni pé ọkùnrin yìí kò sọ níbì kankan pé òun ti dé. Ó ní òun ń ṣubú, ó ń pe ẹni tó lè gbé òun dìde, ó sì ń ké nítorí kò dá a lójú pé wọ́n gbọ́ òun. Ẹni tó ń ṣe àṣehàn kì í sọ irú rẹ̀. Mo sì sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó lọ ka Sáàmù 88 dé ìparí. Kò sí ìyìn níbẹ̀. Inú òkùnkùn ló parí sí. Àwọn tó ń to ìwé mímọ́ jọ rí i bẹ́ẹ̀, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò. Èmi náà kò lè yọ èyí kúrò. Mo máa ń gbàdúrà fún Chamberlain, mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, bí mo ṣe ń gbàdúrà fún ẹni tí mo mọ̀.

Orin kọkànlá ló kù, To Whom It May Concern. Ó gùn tó ìṣẹ́jú méje. Nínú rẹ̀, ó ní ohun tí èèyàn ń wá wà ní ìparí ọ̀nà, ó sì ní òun mọ̀, torí ẹsẹ̀ òun ní àpá tó lè jẹ́rìí. Ọmọkùnrin tó ń gbé mi délé nígbà yẹn kì í lu sítíárìn bí orin yìí bá bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló máa fi dì í mú. Bá a bá dé iwájú ilé mi kí ó tó parí, kì í paná mọ́tò. Èmi á kí i pé ó dàbọ̀, màá ṣílẹ̀kùn, màá bọ́ sílẹ̀, màá rí i láti ojú fèrèsé mi pé ó ṣì jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn pẹ̀lú iná mọ́tò ní títàn. Mi ò dúró tì í rí lọ́jọ́ kan.

Mo fẹ́ ká dúró lónìí. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, ẹ ṣeun. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ báyìí.